Bí a ṣe ń sọ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ orí aṣọ di káàdì ìfìwéránṣẹ́: ìtàn àwọn ọmọdé ilẹ̀ Jàpáànì

abere_owu béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Káàdì ìfìwéránṣẹ́ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, gbogbo wọn láti inú ìtàn àwọn ọmọdé ilẹ̀ Jàpáànì. Mẹ́ta jẹ́ ti Niimi Nankichi: Gon kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àti ọmọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó lọ ra ìbọ̀wọ́. Mẹ́ta tó kù jẹ́ ti Miyazawa Kenji, ìtàn ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìràwọ̀. Kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi yà wọ́n. Mo gé aṣọ wẹ́wẹ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ aláró, mo wá fi òwú sashiko (iṣẹ́ abẹ́rẹ́ Jàpáànì tí ojú òwú ń tẹ̀ léra lórí aṣọ) kó ọnà yí i ká. Ìwọ̀n káàdì gan-an, 100 mm sí 148 mm, ni aṣọ kọ̀ọ̀kan. Skánà ni mo fi gbé àwòrán wọn kí n tó kó wọn fún atẹ̀wé.

Ohun tó jáde kò tẹ́ mi lọ́rùn. Òwú tó yọ sókè lórí aṣọ ti di pẹlẹbẹ, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi bírò fa ìlà. Lójú ọ̀run ti káàdì kan, òwú rì wọnú aṣọ dípò kó yọ síta. Àwọn ìlà kan tún ń jó bí omi lára aṣọ búlúù, bẹ́ẹ̀ kò sí irú ìlà bẹ́ẹ̀ lára aṣọ fúnra rẹ̀. Aró tó dúdú minimini sì di elésè àlùkò nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán.

Ẹ tún bá mi dá sí méjì yìí: ṣé mo lè ta káàdì wọ̀nyí láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Àti pé káàdì tó jẹ́ aṣọ gidi, tí kì í ṣe títẹ̀, ṣé ó ṣeé lẹ sítáǹpù mọ́ lásán kó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ Jàpáànì kọjá?

atewe72 dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti òwú tó rì yẹn ṣáájú, òun ló rọrùn jù. Iná inú skánà kì í tan láti òkè tààrà. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ti ń tàn, òjìji ohunkóhun tó bá yọ sókè á sì ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú èèyàn ti gbà pé òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bí òjìji bá jókòó sí òkè òwú, ihò ni ojú máa kà á sí. Ó dájú pé orí aṣọ yẹn wà ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ gbé e sórí gíláàsì. Ẹ yí aṣọ náà po lórí gíláàsì, kí orí rẹ̀ bọ́ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ẹ tún un gbé, kí ẹ wá tún ìdúró àwòrán ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ má baà máa méfò, ẹ fi igi ìṣáná kan sórí gíláàsì, ẹ skáànù òun nìkan, ẹ wo ibi tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí etí ẹ̀rọ. Àmì yẹn á máa ṣiṣẹ́ fún yín títí láé.

Ti pẹlẹbẹ: oríṣi skánà méjì ló wà. Èyí tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń pè ní CIS, ohun tó bá fara kan gíláàsì nìkan ló ń rí kedere. Ohun tó bá fi mílímítà kan jìnnà sí gíláàsì ti di kurukuru. CCD, tí ara rẹ̀ nípọn, lè rí ohun tó jìnnà ní mílímítà mélòó kan. Bí tiyín bá jẹ́ CCD, ìdérí ló ń tẹ òwú pa. Ẹ gé páálí tó nípọn tó mílímítà méjì bíi férémù, ẹ fi yí aṣọ ká, kí ìdérí lè jókòó lórí páálí, kí aṣọ má rù ú. Ẹ fi bébà dúdú bo ẹ̀yìn aṣọ. Bí ó bá jẹ́ CIS, ẹ fi skánà sílẹ̀, kámẹ́rà ni kí ẹ lò: aṣọ lórí tábìlì, ojú kámẹ́rà ní ọ̀gangan òkè rẹ̀, iná kan ṣoṣo láti apá òsì lókè, kí ó rẹlẹ̀ tó nǹkan bí 30 dígírì sí tábìlì. Ẹ gbé bébà funfun dúró sí apá ọ̀tún kí òjìji má baà dúdú jù. Ẹni tó bá tan iná méjì ní ọ̀tún àti òsì á tún padà sí pẹlẹbẹ, torí iná kejì ń pa òjìji ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Àwọn ìlà tó ń jó yẹn ni wọ́n ń pè ní moiré. Híhun aṣọ jẹ́ ìlà tó ń tẹ̀ léra ní àlàfo kan náà. Ojú skánà náà rí bẹ́ẹ̀. Àmì tóótòòtó tí atẹ̀wé fi ń tẹ àwọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí méjì nínú wọn bá pàdé tí àlàfo wọn fẹ́ bára mu, wọ́n á bí ìlà kẹta. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ ṣí fáìlì ní ìwọ̀n 100% lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà náà bá wà níbẹ̀, skánà ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ sún àwòrán kéré nìkan ló ń hàn, ojú kọ̀ǹpútà ló ń tàn yín, ẹ má dá a lóhùn. Bí fáìlì bá mọ́ tí káàdì títẹ̀ kò mọ́, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni. Ti skánà, ẹ dorí aṣọ kọ dígírì 7 sí 10 lórí gíláàsì, ẹ gbé e ní 600 dpi (iye àmì nínú ínǹṣì kan) tàbí 1200, ẹ tún un tò, kí ẹ wá dín in kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Dídín kù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin ló ń ba òwú jẹ́. Ti atẹ̀wé, ẹ bi í bóyá ó ní FM, èyí tó ń fọ́n àmì ká láì tò wọ́n.

Fáìlì tí ẹ máa fi ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní 3 mm tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀bẹ: 106 × 154 mm, ìyẹn 1252 × 1819 pixel ní 300 dpi. Ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìràwọ̀ pàtàkì, ọwọ́ ọmọ, kí wọ́n jìnnà sí etí káàdì ní 5 mm, ó kéré tán.

Aró tó di elésè àlùkò: magenta, íǹkì pupa atẹ̀wé, ló pọ̀ jù. Bí cyan, íǹkì búlúù, bá jẹ́ 100 tí magenta jẹ́ 85 tàbí 90, elésè àlùkò ló máa jáde, kò sí àrà tí atẹ̀wé lè dá sí i. Ẹ jẹ́ kí magenta fi 30 ó kéré tán rẹlẹ̀ sí cyan. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti C100 M65 Y20 K40 (C ni cyan, M ni magenta, Y ni yẹ́lò, K ni dúdú), kí ẹ wá máa tún un ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ kó dúdú sí i, dúdú ni kí ẹ fi kún un. Kí ẹ sì gba káàdì ìdánwò lórí bébà kan náà tí ẹ máa lò, torí bébà tí kò dán ń mu íǹkì, aró á sì rọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe rí lójú kọ̀ǹpútà lọ.

yara_iwe dáhùn:

atewe72 ti sọ ti ẹ̀rọ. Èmi á mú ti ìwé.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí gbogbo wa ń pè ní kópíráìtì: láti ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2018, òfin Jàpáànì ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. 50 ọdún ni tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tí ààbò rẹ̀ sì ti tán kí òfin tuntun tó dé kò padà sábẹ́ ààbò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó bá kú ní 1967 tàbí ṣáájú, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́. Ẹni tó kú ní 1968, ó di ìparí 2038. Miyazawa kú ní 1933, Nankichi ní 1943. Kò sí ẹ̀tọ́ àdàkọ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní Jàpáànì mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ tà á níbòmíràn, òfin ibẹ̀ ni kí ẹ fi ka ọdún wọ̀nyí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan ni mo sọ. Ẹni tó ya àwòrán sí ìwé náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí àpẹẹrẹ, Takei Takeo tó ya àwòrán púpọ̀ fún àwọn ọmọdé kú ní 1983, nítorí náà ó di ìparí 2053. Yunoki Samiro, tó jẹ́ aláró bíi tiyín tó sì tún ṣe ìwé àwòrán fún àwọn ọmọdé, 2024 ló kú. Ẹ fi ìṣirò yẹn sílẹ̀. Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yín bá jọ ti ìwé kan tí ẹ rí, tó wọ irú aṣọ kan náà tó sì dúró bákan náà, fífi aṣọ gé e kò sọ ọ́ di tiyín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìtàn, ẹ pa ìwé alàwòrán dé, kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́. Bákan náà ni gbólóhùn tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ sẹ́yìn káàdì: atúmọ̀ èdè ní ẹ̀tọ́. Láti èdè Jàpáànì ni kí ẹ ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ohun tí ojú Jàpáànì kì í fo. Òdòdó pupa tó wà níbi ìsìnkú inú ìtàn Gon ni higanbana. Ìgbà tí ọ̀sán àti òru bá dọ́gba nínú oṣù Kẹsàn-án ló ń tanná, kò sì ní ewé rárá lásìkò yẹn. Ẹ̀yìn tí òdòdó bá rọ ni ewé ń jáde. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró gbọnrangandan pẹ̀lú òdòdó lórí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kó ewé tútù sí i lẹ́sẹ̀ ti ṣe òdòdó mìíràn. Nankichi fúnra rẹ̀ sì fi wọ́n wé aṣọ pupa. Fún alábẹ́rẹ́, mi ò mọ ohun tí ìtàn tún lè bùn yín jù ìyẹn lọ: ẹ tẹ́ aṣọ pupa kan ṣoṣo sílẹ̀ fún gbogbo oko náà, kí ẹ wá fi òwú fa òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin jáde níwájú.

Ti ìbọ̀wọ́: ọwọ́ kan péré ni ìyá kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sọ di ọwọ́ ọmọ èèyàn. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà kọ mànà sí ọmọ náà lójú, ló bá na èyí tí kò yẹ. Ọwọ́ tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹranko, kí ti èèyàn wà lẹ́yìn nínú òkùnkùn. Bí méjèèjì bá jọra, ìtàn ti kú.

Kimono, aṣọ ìbílẹ̀ Jàpáànì, ńkọ́? Apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa ń bo apá ọ̀tún. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì. Níbí ni àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù àti áyọ́ọ̀nù lẹ aṣọ ti ń ṣubú: bébà ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù ni ẹ ń ya àwòrán sí, nígbà tí ẹ bá sì dojú rẹ̀ délẹ̀, ọ̀tún ti di òsì. Ẹ ya ojú rẹ̀ lódì kí ẹ tó tọ́ ọ sára gọ́ọ̀mù. Ẹni tó ń wo káàdì gbọ́dọ̀ rí ọrùn aṣọ náà bí lẹ́tà y kékeré.

alaro dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, abere_owu. Ohun kan ni mo fẹ́ takò, kì í ṣe sí àwọn tó ti sọ̀rọ̀, sí ìwọ̀n yín ni. Ẹ má ṣiṣẹ́ ní 100 × 148. Aṣọ kì í ṣe pẹ́ńsùlù; ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó jẹ́ 2 mm kò ṣeé gé, etí rẹ̀ á tú kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po kan ààbọ̀. Pẹ̀lú àyè ọ̀bẹ, 159 × 231 mm ni àwòrán, kí aṣọ ìsàlẹ̀ sì fi 40 mm yọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí ẹ lè rí ibi dì í mú. Ojú òwú sashiko tó jẹ́ 3 mm lójú aṣọ àti 2 mm lẹ́yìn á di 2 mm àti 1.3 mm lórí káàdì, ojú á ṣì rí i pé ọwọ́ ló ṣe é. Ẹ má ṣe kọjá ìlọ́po méjì. Bí ojú òwú bá di 1.5 mm lórí káàdì, ó ti dà bí iṣẹ́ ẹ̀rọ, a ò mọ ìdí tí a fi ṣe wàhálà mọ́.

Aṣọ tó ń hunjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà sashiko (ẹ ò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀), fífa òwú le jù ló fà á. Bí ẹ bá parí ìlà kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka fọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí òwú lè nà dọ́gba nínú aṣọ. Ibi tí ìlà bá ti yí, ẹ fi òwú díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn bí òrùka kékeré, kí aṣọ lè rí àyè mí. Ẹ sì fọ aṣọ aláró kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Aró tó ṣì ń ṣí á ba òwú funfun jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fọ ìlà ìfàmì kúrò.

Kálàmù tí áyọ́ọ̀nù ń pa rẹ́ kò dára lórí aró. Ó ń fi àpá funfun sílẹ̀, ìlà rẹ̀ sì lè padà wá bí òtútù bá mú un gan-an. Pẹ́ńsùlù ẹfun tàbí bébà ẹfun tó ń bá omi lọ ni kí ẹ lò.

Ọ̀rọ̀ irú aṣọ. Mo ń rí káàdì tí wọ́n fi kogin, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ka òwú aṣọ ṣe, ṣe lẹ́yìn gbogbo ìtàn Jàpáànì, bí ẹni pé ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ra aṣọ. Kogin jẹ́ ti Tsugaru, ní Aomori, níhà àríwá. Iye òwú tí kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń kà níbẹ̀: 1, 3, 5, 7. Handa, ní agbègbè Chita ní Aichi, ni wọ́n ti bí Nankichi. Òwú Chita lókìkí, Arimatsu tí kò jìnnà síbẹ̀ sì ti ń di aṣọ fún aró láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún; ìbátan àdìrẹ oníko wa ni. Ẹ fi ìyẹn ṣe òkè àti ojú ọ̀run Gon. Iwate ni ti Miyazawa, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ran irun àgùntàn níbẹ̀, wọ́n ń hun ún: aṣọ kóòtù àwọn èrò ọkọ̀ rèé. Kò sẹ́ni tó máa mú yín bí ẹ bá ṣe òdìkejì, ṣùgbọ́n aṣọ náà á ti máa sọ ìtàn kan, àwòrán á máa sọ òmíràn.

Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ kó gbogbo ìràwọ̀. Ẹ gé wọn sára bébà tí wọ́n fi omi èso kaki pa, ìyẹn katagami, ẹ rẹ ẹ́ sómi kó rọ̀, kí ẹ wá fi lẹ̀ẹ́ ìrẹsì gba inú rẹ̀ kọjá sórí aṣọ kí ó tó wọ aró. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ ìlàjì iṣẹ́ náà. Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó ń lẹ̀ àti èérí ìrẹsì kíkúnná ni lẹ̀ẹ́ ọ̀hún, wọ́n á fi ooru sè é, wọ́n á fi iyọ̀ àti omi ẹfun alára líle, ìyẹn láìmù, sí i títí yóò fi pọ́n bí yẹ́lò. Iyọ̀ ló ń di ọ̀rinrin mú. Bí ó bá kéré, lẹ̀ẹ́ á gbẹ, á sán, aró á gba ojú sísán wọlé, ìràwọ̀ á ní iṣan. Bí ó bá pọ̀ jù lásìkò òjò, kò ní gbẹ. Ìràwọ̀ mẹ́wàá tó ṣe pàtàkì nìkan ni kí ẹ wá fi òwú kó lé e lórí.

abere_owu:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Àwòrán kimono mi kan ti wà lódì lóòótọ́, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín. Ó ku ti ìfìwéránṣẹ́ o: bébà gíráàmù mélòó, àti aṣọ gidi yẹn?

leta_ati_sitanpu dáhùn:

Fún ìfìránṣẹ́ láàárín Jàpáànì, káàdì tí ẹni aládàáni ṣe gbọ́dọ̀ wà láàárín 14 sí 15.4 cm ní gígùn, 9 sí 10.7 cm ní fífẹ̀, kí ó wúwo láti gíráàmù 2 dé 6. Ojú àdírẹ́sì gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ tó ṣá, kí wọ́n sì tẹ 郵便はがき (káàdì ìfìwéránṣẹ́ ní èdè Jàpáànì) tàbí POST CARD sí i. Láìsí ọ̀rọ̀ yẹn, owó lẹ́tà ni wọ́n máa gbà. Yen 85 ni sítáǹpù rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 2024. Èyí tó bá bá ọkọ̀ òfurufú kúrò ní Jàpáànì lọ sókè òkun jẹ́ yen 100.

Ẹ wá ṣírò bébà. 100 × 148 mm jẹ́ 0.0148 mítà onígun mẹ́rin. Bébà 300 gíráàmù fún mítà kan onígun mẹ́rin á fún yín ní 4.4 g, 350 á fún yín ní 5.2 g. Mo rí àwọn tó ń fẹ́ràn 400 torí ó le lọ́wọ́: 5.9 g nìyẹn kí íǹkì tó gorí rẹ̀, kí ọ̀rinrin sì tó wọnú rẹ̀. Ẹ má lọ síbẹ̀. 300, kí ojú àdírẹ́sì má dán, kí bírò lè kọ ọ́.

Aṣọ gidi: ìwúwo rẹ̀ lè gba ààyè. Bébà 200 jẹ́ 3 g, aṣọ tó jẹ́ 120 gíráàmù fún mítà kan onígun mẹ́rin jẹ́ 1.8 g, òwú àti gọ́ọ̀mù ló kù. Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ ni pé ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ káàdì gbọ́dọ̀ lẹ̀ pẹlẹbẹ ní gbogbo ojú rẹ̀. Òwú tó yọ sókè á há sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń to lẹ́tà, etí aṣọ á tú, òwú kan á fa èkejì. Ẹ fi sínú àpòòwé. Àpòòwé yōkei nọ́ḿbà 2, tó jẹ́ 114 × 162 mm, gba káàdì yìí rẹ́gírẹ́gí, yen 110 sì ni lẹ́tà ìwọ̀n yẹn tí kò bá ju 50 g lọ tí kò sì nípọn ju 1 cm lọ. Yen 25 péré ló fi ju káàdì lásán lọ. Ẹ fi bébà tí kì í ní ásíìdì sórí òwú kí ẹ tó dì í.

abere_owu:

Méjì nínú mẹ́fà dùbúlẹ̀, mẹ́rin dúró. Ṣé ibì kan náà ni sítáǹpù wọn máa wà?

leta_ati_sitanpu:

Rárá o. Èyí tó dúró, òkè lápá òsì. Èyí tó dùbúlẹ̀, òkè lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá máa fa àpótí sítáǹpù sẹ́yìn káàdì, fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ṣe. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì tẹ̀ sí ojú àdírẹ́sì kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì rẹ̀ lọ: ìdajì ìsàlẹ̀ fún èyí tó dúró, ìdajì òsì fún èyí tó dùbúlẹ̀.